Ọkọ mi ra ìbọn láìsọ fún mi, ó ní òfin Amẹ́ríkà wà lẹ́yìn òun. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tiwa (Houston), àná, 9:10 alẹ́
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ fojú fo àṣìkọ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n ni. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni oorun kò ti kun ojú mi.

Mo ń wá bàtà Tiwa lókè kọ́bọ́ọ̀dù, ni ọwọ́ mi bá kan nǹkan tútù kan tí wọ́n fi táwẹ̀lì wé. Ìbọn! Ìbọn ìléwọ́, dúdú bí kóró iṣin. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Nínú ilé tí ọmọ ọdún mẹ́rin ti ń gun àga kó lè mú bisikíìtì lórí fíríìjì!

Nígbà tí bàbá ẹ̀ wọlé, mo bi í. Kò tiẹ̀ bẹ̀ mí. Ó ní ṣé mi ò rí i pé wọ́n fọ́ ilé aládùúgbò wa lóṣù tó kọjá ni? Ó ní Texas la wà, a ò sí ní Òṣogbo, pé Àtúnṣe Kejì nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà ti fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn. Ó ń kà á fún mi bí ẹni ń ka sáàmù. Owó wo ló fi rà á? Owó àjọ! 200 dọ́là ni mò ń dá lóṣù nínú owó irun tí mò ń dì, ìka mi ti wú. Ó mú 620 níbẹ̀ láìsọ fún mi. Mo pe ìyá ẹ̀, màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣebí ọmọ ọdẹ ni, ṣé mi ò mọ̀ nígbà tí mò ń fẹ́ ẹ ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló tún ní ẹ̀fọ́ mi kò níyọ̀.

Ṣé lóòótọ́ lòfin wà lẹ́yìn ẹ̀? Àbí kí n lọ sọ ọ́ sódò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Adé (Dallas)
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ eléyìí, ṣùgbọ́n òótọ́ lọkọ yín sọ. Láti 1791 ni òfin yẹn ti wà. Lọ́dún 2008, nínú ẹjọ́ Heller, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni ẹ̀tọ́ náà, kó lè fi dáàbò bo ilé ẹ̀. Ní 2010 wọ́n ní ó de gbogbo ìpínlẹ̀. Ní Texas wa níbí, láti oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tófin kò sì ká lọ́wọ́ kò, lè gbé ìbọn ìléwọ́ jáde láìgba láìsẹ́ǹsì. Mẹ́ta ni tèmi. Ẹ ra àpótí onírin fún un, ọ̀rọ̀ parí.

Ọmọ Ẹ̀gbá (London)
Ọ̀rọ̀ ò parí o jàre. Lọ́dún 1996, ọkùnrin kan tó gba láìsẹ́ǹsì ìbọn wọ ilé ìwé kan ní Dunblane, ní Scotland, ó pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ aráàlú. Ìyá Tiwa, ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò nílé kíákíá. Kí lẹ ń dúró dè?

Adé (Dallas)
Ẹ̀yin ará London tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gún ara wọn, ẹ ṣe jẹ́ẹ́.

Bàbá Káyọ̀dé (Ìbàdàn)
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jà. Nílé níbí, ìwé òfin 1999 wa kò dárúkọ ẹ̀tọ́ ìbọn rárá. Òfin ìbọn 1959 ló wà, ẹni tó bá fẹ́, kó lọ gbàwé àṣẹ. Bàbá mi ní ṣakabùlà kan. Àjà ni ìbọn máa ń wà, yàrá ìyá wa ni ẹ̀tù máa ń wà. Bí bàbá bá fẹ́ lọ sígbó, ó di dandan kí ìyá wa fún un lẹ́tù. Bí wọ́n bá jà, kò sí ìgbẹ́ lọ́jọ́ yẹn! Ìgbà kan ìyá wa bínú fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, òkú èkó la fi jẹ ẹ̀bà títí ó fi rẹ̀ wá. Ìyàwó, gba ọta lọ́wọ́ ẹ̀, kó o fi ìbọn sílẹ̀ fún un.

Sísí Maryland
Ìyá Tiwa, níbo ló ti rà á? Ṣé ṣọ́ọ̀bù ni, tó kọ fọ́ọ̀mù 4473 tí ẹni tó ń ra ìbọn máa ń kọ, tí wọ́n sì yẹ orúkọ ẹ̀ wò lọ́dọ̀ FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀? Irú ìwé ìgbélùú wo lẹ sì ní? Ẹ dáhùn kí n tó sọ tẹnu mi.

Ìyá Tiwa (Houston)
Ẹ ṣé o, Bàbá Káyọ̀dé, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Adé, ta ló máa sanwó àpótí onírin? Ṣé àjọ mi náà ni? Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ yẹn dùn mí o, ẹ má rò pé eré ni. Ẹni tí mo dìde ní aago márùn-ún sebẹ̀ fún!

Ìyá Ìbejì (Chicago)
Ẹ̀yin ìyàwó òde òní. Ọkọ fẹ́ dáàbò bò yín, ẹ gbé e jáde fáyé gbọ́. Ẹ ra àpótí onírin, ẹ tì í, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín. Ó tán.

Àjàyí (Atlanta)
Gbólóhùn kan péré ni Àtúnṣe Kejì, ìdajì ẹ̀ lẹ̀yin ará Texas máa ń kà. Ẹgbẹ́ ajagun ìlú tí a tò létòlétò ló fi bẹ̀rẹ̀, pé ààbò ìpínlẹ̀ olómìnira kò lè ṣe kó má sí i, kó tó wá kan ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn láti ní ohun ìjà. Ẹ fi wé àwọn ọdẹ ìlú tàbí Àmọ̀tẹ́kùn. Nínú ẹjọ́ Heller yẹn, Adájọ́ Scalia ní ìdí nìkan ni ìdajì àkọ́kọ́ ń sọ, kò dín ẹ̀tọ́ kù. Adájọ́ Stevens ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Márùn-ún sí mẹ́rin ni wọ́n fi dá a. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo yísẹ̀ padà, orin mìíràn ni Adé ì bá máa kọ.

Adé (Dallas)
Ẹjọ́ Bruen ní 2022 ńkọ́? Mẹ́fà sí mẹ́ta! Òfin ìbọn tí kò bá bá ìtàn ilẹ̀ yìí mu, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àjàyí (Atlanta)
Ẹjọ́ Rahimi ní 2024 ńkọ́? Mẹ́jọ sí ẹyọ kan. Ará Texas yín náà ni. Kóòtù ní ẹni tí adájọ́ ti kọ̀wé pé ó léwu fún obìnrin ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn lọ́wọ́. Adájọ́ Thomas tó kọ ìdájọ́ Bruen, òun nìkan ló ta kò ó. "Àwọn èèyàn" tí òfin sì wí, ta ni wọ́n? Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ti sọ̀ nínú bàlúù ni. Ìbéèrè Sísí Maryland ló yẹ kẹ́ ẹ dáhùn.

Sísí Maryland
Ẹ ṣeun. Ó ṣì wà nílẹ̀ o.

Ìyá Tiwa (Houston), lónìí, 12:50 ọ̀sán
Kí ló kan ìwé ìgbélùú nínú ọ̀rọ̀ ìbọn? Arúfin kọ́ la jẹ́. Fisa akẹ́kọ̀ọ́ ni tiẹ̀, F-1, oyè ọ̀mọ̀wé ló ń kà. F-2 ni tèmi àti ti ọmọ. Ọdún kejì wa rèé. Kò kọ fọ́ọ̀mù kankan, ọwọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ló ti rà á níbi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí. Ṣebí Adé ti ní òfin Texas gbà á.

Adé (Dallas)
Háà! Mo ní "tófin kò sì ká lọ́wọ́ kò" o, ẹ lọ kà á. Ẹ ò sọ fún wa pé F-1 ni.

Sísí Maryland
Ohun tí ọkàn mi ń sọ nìyẹn. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó wà níbí lórí fisa onígbà díẹ̀ ní ìbọn lọ́wọ́, àti ọta pàápàá, ohun yòówù kí Texas sọ. Láti 2022, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ lè tó ọdún 15. Bó bá tẹ̀wọ̀n dé, wọ́n á tún dá a padà sílé. Ẹ̀yin ò gbọ́ ti Rehaif ní Florida? Akẹ́kọ̀ọ́ ni, yunifásítì yọ ọ́, ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ìbọn dánra wò, wọ́n gbé e. Ní 2019 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó mọ̀ pé ìwé òun kò gún mọ́. Ọkọ yín kò lè sọ pé òun ò mọ irú fisa tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù òun. Owó irun yẹn náà, F-2 kò gbà kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ owó. Ẹ má tún sọ ọ́ níta mọ́.

Adé (Dallas)
Láìsẹ́ǹsì ọdẹ! Òfin yẹn yọ ẹni tó ní láìsẹ́ǹsì ọdẹ ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Ìyá ọkọ yín ò ha ní ọmọ ọdẹ ni?

Àjàyí (Atlanta)
Ọdẹ Òṣogbo kọ́ ni wọ́n wí, Adé. Ìwé àṣẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni. Kó má sì sáré lọ gbà á lónìí kó rò pé ó ti bo ti àná.

Sísí Maryland
Ìyá Tiwa, òfin náà de ẹ̀yin náà, F-2 lẹ jẹ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má sọ ọ́ sódò, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Ẹ pe lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ fisa àti ọ̀rọ̀ ọ̀daràn lónìí, kó sọ bí nǹkan yẹn ṣe máa kúrò nílé.

Ìyá Tiwa (Houston), 2:35 ọ̀sán
Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n gbé e kúrò nílé! Ọmọ Ẹ̀gbá ní kíákíá. Inú búùtù mi ló wà láti àárọ̀. Iwájú ilé ìwé Tiwa ni mo wà báyìí, wọn ò ní pẹ́ jáde.

Ọmọ Ẹ̀gbá (London)
Yéè! Ẹ̀yin ará, London ni mo wà o, mi ò mọ òfin tiwọn.

Àjàyí (Atlanta)
Òfin àpapọ̀ 1990 ló ka ìbọn léèwọ̀ ní 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ilé ìwé. Ẹjọ́ Lopez, láti San Antonio, wó o ní 1995, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tún un kọ ní 1996. Wọ́n yọ̀ǹda bí kò bá sí ọta nínú ẹ̀, tó sì wà nínú àpótí tí a tì, ṣùgbọ́n bí a bá wo bí wọ́n ṣe

Sísí Maryland
Àjàyí, dákẹ́ ná! Ìyá Tiwa, ṣé ọta wà nínú ẹ̀?

Ìyá Tiwa (Houston)
Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Inú táwẹ̀lì náà ló ṣì wà. Wọ́n ti ń lu agogo. Ṣé kí n kọ́kọ́ mú ọmọ ni?

Alákòóso
Mo ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá Tiwa, ẹ gbé fóònù yín, èmi ni mò ń pè.