"Woke": tí o ò bá sùn, "awake" ni kó o sọ

Ọmọ Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa lókè òkun, mo fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín. Nọ́ọ̀sì ni mo kọ́ ní LAUTECH, oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa lọ sí Amẹ́ríkà. Nínú àwọn fídíò tí mo ń gbọ́ kí etí mi lè mọ́ èdè wọn, "woke" ò wọ́n níbẹ̀. Ẹnì kan á sọ ọ́ bí ẹni ń yangàn, ẹlòmíì á sọ ọ́ bí ẹni ń tutọ́ síni lára. Mo yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò, ọkàn mi ò balẹ̀ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló túmọ̀ sí gan-an, ṣé mo lè máa lò ó?

Ìyá Ìbejì, Texas:
Àbúrò mi, o káre tó o béèrè kó o tó gbéra. Èmi ò béèrè ní tèmi.

Ọdún kejì tí mo débẹ̀ ni. Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, mo gbé omi wọ yàrá bàbá kan tí mo ti ń tọ́jú fún oṣù mẹ́ta. Tẹlifíṣọ̀n wọn ń sọ̀rọ̀ òṣèlú. Bàbá wò mí, wọ́n ní ṣé èmi náà wà lára àwọn "woke" ni. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ṣé mi ò tíì sùn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, "I am woke", láti àná. Ojú bàbá yí padà. Wọ́n ti ife náà sí mi, omi dà sórí aṣọ ìbora, wọ́n ní kí n lọ pe ẹlòmíì wá. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀gá mi pè mí, wọ́n ní ẹjọ́ ti dé pé mò ń bá aláìsàn fa ọ̀rọ̀ òṣèlú. Mi ò tíì dá ẹgbẹ́ òṣèlú wọn kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì nígbà yẹn. Inú mọ́tò ni mo ti sunkún kí n tó lè wà á lọ sílé.

Gbọ́ bó ṣe rìn. Ara "wake" ló ti jáde, ìyẹn jíjí lójú oorun, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló sì ni ín. Tiwa tó sún mọ́ ọn jù ni "wà lójúfò". Lọ́dún 1931, wọ́n mú ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án ní Alabama, wọ́n ní wọ́n fipá bá obìnrin funfun méjì lò pọ̀. Irọ́ ni. Scottsboro ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ní 1938, olórin tó ń jẹ́ Lead Belly sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà, ó wá kìlọ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé tí wọ́n bá ń gba ọ̀hún kọjá, kí wọ́n "stay woke", kí wọ́n lajú sílẹ̀. Jọ̀ọ́, má gbàgbé ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹ̀mí ara wọn ni, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń sọ fún ọmọ tó ń dá rìn lálẹ́ pé kó máa wẹ̀yìn wò.

Ó wà lẹ́nu wọn bẹ́ẹ̀ fọ́dún gbọgbọrọ. Òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú kan, William Melvin Kelley, kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn New York Times ní 1962, lórí bí àwọn funfun ṣe ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu aláwọ̀ dúdú lò. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa Michael Brown, aláwọ̀ dúdú ọmọ ọdún 18, ní Ferguson ní Missouri lóṣù kẹjọ 2014, ọ̀rọ̀ náà gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gbà á wọlé ní 2017.

Àwọn tí kò fẹ́ràn ohun tó ń jà fún náà wá gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sọ ọ́ di èébú. Ẹni tí wọ́n bá kà sí aláṣejù lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀, ọ̀rọ̀ akọ àti abo, tàbí ìtàn òwò ẹrú, "woke" ni wọ́n ń pè é. Ní 2022, Ron DeSantis, gómìnà Florida, fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí sọ lórúkọ, òfin tó fẹ́ díwọ̀n ohun tí wọ́n lè kọ́ èèyàn nípa ẹ̀yà nílé ìwé àti níbi iṣẹ́; ilé ẹjọ́ ti fagi lé ti ibi iṣẹ́ ní 2024.

Mo wà nílé báyìí, ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n. Àná ni mo ka ìbéèrè rẹ fún bàbá mi, ẹni ọdún 78. Orógbó wà lẹ́nu wọn, wọ́n dá jíjẹ dúró. Wọ́n ní, "Ṣé bí Dẹ́mọ̀ náà nìyẹn?" Nígbà tí Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ ìlú wa tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1964, Dẹ́mọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹni tó bá ní Dẹ́mọ̀ lòun, ọmọ ìlú rẹ̀ ló fi ń yangàn. Bàbá mi ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìbàdàn lẹ́yìn ìbò oṣù kẹwàá 1965, ìgbà Wẹ́ẹ̀tì-ẹ, tí wọ́n ń da epo sí ọ̀tá òṣèlú wọn lára, tí wọ́n sì ń dáná sun wọ́n. Tí wọ́n bá pe èèyàn ní Dẹ́mọ̀ lọ́hùn-ún, epo bẹntiróòlù ló kù tí wọ́n ń wá. Ọ̀gá wọn kìlọ̀ fún wọn pé oníbàárà kankan ò gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ ìlú wọn. Kìlómítà bí ọgọ́rùn-ún ló wà láàárín ìlú méjèèjì o.

Nítorí náà, tí o ò bá sùn, "I am awake" ni kó o sọ. "I woke up at five" ò ní wàhálà, ọ̀rọ̀ àná nìyẹn. "I am woke" ni kó má jáde lẹ́nu rẹ níbi iṣẹ́. Tí aláìsàn bá bi ọ́ bóyá o wà lára wọn, sọ pé ìtọ́jú wọn lo bá wá, kó o sì máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.

Ọmọ Ìjẹrù, Manchester:
Ẹ ṣeun gan-an, ma. Ó ti dé Ìlú Ọba náà. Inú ìwé ìròyìn la ti ń rí i jù, tí wọ́n bá fẹ́ bẹnu àtẹ́ lu yunifásítì tàbí ilé iṣẹ́ kan. Ibì kan ṣoṣo ni mi ò ti gbà fún yín. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 16, kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí nílé ìwé, ó sì lò ó láìbẹ̀rù. Mi ò fẹ́ ká máa sá fún un bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Ìyá Ìbejì, Texas:
Mi ò ní ká sá, sà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ yín sí, ó mọ ìgbà tí ohùn yí padà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí físà rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kò tíì ní irú etí yẹn. Kó kọ́kọ́ fi oṣù mélòó kan gbọ́.

Ọmọ Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́:
Mo dúpẹ́, ma. Mo ti kọ "I am awake" sẹ́yìn ìwé mi. Ẹ jọ̀ọ́, "liberal" ńkọ́? Ọkùnrin kan nínú fídíò máa ń so méjèèjì pọ̀.

Ìyá Ìbejì, Texas:
Ìyẹn gba àlàyé tiẹ̀, torí ohun tí wọ́n fi ń pè ní Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti àwọn kan ní Yúróòpù. Jẹ́ kí n fún bàbá lóògùn wọn, mò ń bọ̀.