Ẹ wá sọ ìrírí yín: ìtọ́ka ìwé nínú Markdown àti JavaScript

Àtẹ̀wé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fi remark, ohun èlò JavaScript tó ń ka Markdown (ìlànà fífi àmì kéékèèké to ìwé) tó sì ń kọ ọ́ padà, ka àpilẹ̀kọ mi kan kí n lè tún àwọn àkọlé rẹ̀ tò, mo sì ní kí ó kọ ọ́ padà sínú fáìlì. Ìlànà Pandoc, ètò tó ń sọ Markdown di irú ìwé mìíràn, ni mo fi kọ àwọn ìtọ́ka inú rẹ̀, irú bíi `[@ojo2004, p. 33; @bello1999]`. Nígbà tí mo ṣí fáìlì náà, `\[@ojo2004, p. 33; @bello1999]` ni mo bá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni gbogbo ìyókù rí. Pandoc kò kà wọ́n sí ìtọ́ka inú àkámọ́ mọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ lásán ni àkámọ́ tí `\` bá ti ṣáájú rẹ̀ jẹ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé àwọn àkámọ́ kan wà tí `\` tọ́ sí lóòótọ́. Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí?

Ọmọ Ìwádìí: Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, ẹ̀ẹ̀mejì.

Igi Ọ̀rọ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́, Àtẹ̀wé. CommonMark, ìlànà Markdown tí remark ń tẹ̀lé, kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìtọ́ka ìwé, `[` lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìjápọ̀ lójú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí remark fi ń dáàbò bò ó nígbà tí ó bá ń kọ ọ̀rọ̀ padà. Èmi náà jìyà rẹ̀ títí mo fi rí micromark-extension-cite, tí ó ń dá ìtọ́ka mọ̀ nígbà kíkà, àti mdast-util-cite, tí ó ń sọ ọ́ di ẹ̀ka kan lórí igi tí remark fi ń to ìwé. Ẹ rántí pé apá méjì ni èyí kejì ní, kíkà àti kíkọ. Kíkà nìkan ni mo so ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí mo ṣe ní kí ó kọ ọ́ padà ni ó dá iṣẹ́ dúró pẹ̀lú `Cannot handle unknown node`.

Akọ̀wé Òru: Regex, àwòṣe tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ tí a sì fi ń pààrọ̀ rẹ̀, ni èmi ń lò, ó sì tó mi.

Ọmọ Ìwádìí: Akọ̀wé Òru, mo bẹ̀ yín. Regex tèmi sọ àdírẹ́sì ímeèlì di ìtọ́ka, ó wọ inú àpẹẹrẹ kóòdù lọ, ó sì lẹ àmì tó parí gbólóhùn mọ́ orúkọ ìwé: `@ojo2004.` di ìwé tí kò sí níbì kankan. Pandoc gbà kí irú àmì bẹ́ẹ̀ wà láàárín orúkọ, ṣùgbọ́n kì í kà á mọ́ ọn bí ó bá wà ní ìparí.

Akọ̀wé Òru: Kò sí ímeèlì nínú àpilẹ̀kọ tèmi.

Ìlà Mẹ́wàá: Èyí tó dùn mí jù ni pé mo fi ọwọ́ ara mi kọ apá tó ń dá ìtọ́ka padà sí Markdown, mo sì gbàgbé `-` inú `[-@ojo2004]`, èyí tí a fi ń sọ pé kí orúkọ òǹkọ̀wé má ṣe jáde. Gbogbo ibi tí ó yẹ kí ó jẹ́ “Ojo (2004) sọ pé” di “Ojo (Ojo 2004) sọ pé”, alábòójútó ìwádìí mi ló sì kọ́kọ́ rí i. Láti ìgbà náà, mo máa ń ka fáìlì, mo máa ń kọ ọ́ padà, mo tún máa ń kà á lẹ́ẹ̀kejì, kí n tó fi igi méjèèjì wéra.

Akọ̀wé Òru: Igi lè dọ́gba kí àlàfo ẹ̀gbẹ́ `;` ti yí padà, kí ẹni tí ẹ jọ ń kọ̀wé sì máa rí àtúnṣe lórí ìlà tí ẹ kò fọwọ́ kàn. Ìdí tí mo fi di regex mú nìyẹn: kì í kan ibi tí n kò rán an.

Igi Ọ̀rọ̀: Ẹ jẹ́ kí ó tún gbogbo rẹ̀ tò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ fi àtúnṣe yẹn pamọ́ lọ́tọ̀, lẹ́yìn ìyẹn, kò ní yí padà mọ́.

Ọmọ Ìwádìí: Ẹ tún ṣọ́ lẹ́tà tó ní àmì lórí. `@rené2010` wà nínú àpilẹ̀kọ mi, ó wà nínú àkójọ ìwé mi, síbẹ̀ JavaScript ní wọn kò dọ́gba, torí pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni é níhìn-ín, àmọ́ e àti àmì rẹ̀ dá dúró lọ́hùn-ún. `normalize('NFC')`, tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, ló yanjú rẹ̀.

Àtẹ̀wé: Mo ti so kíkà àti kíkọ, `\` náà sì ti lọ. Ìlà mẹ́fà ló yàtọ̀, àlàfo sì ni gbogbo rẹ̀.

Akọ̀wé Òru: Mẹ́fà ṣì pọ̀ jù lójú tèmi.