Mo ń lọ ta chess ní New York, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ọ̀tayò, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi nìkan ni mo máa wà ní New York fún ọjọ́ 4. Washington Square Park, níbi tí wọ́n ti ń ta chess ní gbangba, ló wà lọ́kàn mi. Àmọ́ ẹ̀rù ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ń bà mí. Ṣé ó ṣeé wọ̀ lálẹ́?

Ẹṣin Dúdú: Tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́. Ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ń pè ní express, ó máa ń fo ibùdókọ̀. Mo jókòó pẹ̀sẹ̀, mo sì ń wo ibùdó mi bó ṣe ń kọjá lọ! Tó o bá rí ọ̀kan tó ṣófo lára àwọn yàrá ọkọ̀ náà nígbà tí àwọn yàrá tó kù kún, má wọ̀ ọ́. Òórùn lè ti lé àwọn èèyàn jáde.

Ayaba Funfun: Àbúrò, West 4th Street ni kó o ti sọ̀ kalẹ̀. Béèrè iye owó tí wọ́n ń gbà kó o tó jókòó ta ayò o! Iṣẹ́ òòjọ́ àwọn kan níbẹ̀ nìyẹn, ẹnu wọn sì máa ń dani lọ́kàn rú ju ayò wọn lọ.

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Tí wọ́n bá nà mí, ẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu mi.