Èmi Ni Mo Máa Ń Bá Wọn Kàwé Nílé

Tíṣà, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Láti àná la ti ń fà á lórí ìkànnì yìí bóyá ìwé tí òbí kà ń ran ìlera ọmọ tó ń bàlágà lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

JSS1 ni mò ń kọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà kòkòrò àrùn HPV, Ògùn wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni, kí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ má bàa mú wọn lọ́jọ́ iwájú. Èmi ni mo pín fọ́ọ̀mù tí òbí máa fọwọ́ sí. Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀.

Ìyá aládìrẹ kan wà ní Ìtòkú tí kò mọ̀wé, ìka ló máa ń tẹ̀. Mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé ó máa kọ̀. Àṣé mo ṣì í mú. Ọjọ́ kejì, a ò tíì kọrin òwúrọ̀ tán tó ti dúró lẹ́nu géètì, aró ṣì wà léèékánná rẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ síbí?” Mo kà á fún un. Ó ní wọ́n ń sọ lọ́jà pé abẹ́rẹ́ yẹn ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Mo ní irọ́ ni. Ó ní ṣé ọmọ tèmi náà máa gbà á. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ọdún 10 ni. Ó tún béèrè oríṣiríṣi nǹkan kó tó tẹ̀ka. Bàbá kan tó ní dígírì méjì ló kọ̀, ohun tó rí lórí WhatsApp ló sì gbé wá bá wa jà.

Síbẹ̀, n kò ní purọ́: ọmọ àwọn tó kàwé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó gbà á ní kíláàsì mi. Àwọn tí fọ́ọ̀mù wọn ò padà ni mo wá lọ bá nílé. Ìyá ọmọ kan ò tiẹ̀ gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ rí. Ìsàlẹ̀ báàgì lọmọ fi ìwé náà sí. Nígbà tí mo fà á sẹ́yìn ilé tí mo bi í, ó ní, “Mọ́mì mi ò lè kà á, mi ò fẹ́ kójú tì wọ́n.” Ọmọ ọdún 12. Òun ló ti ń pinnu ohun tí ìyá rẹ̀ máa gbọ́ àti èyí tí kò ní í gbọ́. Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Ọmọ Dírẹ́bà, Ìbàdàn

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Irú ọmọ yẹn lèmi náà, àmọ́ tèmi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni mo máa ń bá bàbá mi ka èsì ìdánwò mi, ìwé iná, àti ohun tí wọ́n kọ sára oògùn. Nígbà yẹn, oògùn ikọ́ tó ní codeine, tó máa ń pa èèyàn bí ọtí, lèmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń mu. Nígbà tí ìjọba fòfin dè é ní oṣù Karùn-ún 2018, a bọ́ sórí tramadol, oògùn ìrora tó lágbára. Bàbá mi rí sáṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lápò mi, wọ́n ní kí n kà á. Mo ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n fún mi lówó pé kí n lọ ra sí i.

Ọmọ ọdún 16 ni mí nígbà tí gìrì gbé mi ní gáréèjì. Dókítà fi Yorùbá tó yé wọn ṣàlàyé pé oògùn yẹn ló fà á. Wọn ò nà mí. Wọ́n kàn ń wò mí ṣáá. Ní ọdún 2019 tí rédíò ka èsì ìwádìí kan, pé ní apá Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà wa níbí ó lé ní 22 nínú 100 àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 tó ń lo oògùn nílòkulò, bàbá mi pa rédíò náà, wọ́n sì jáde.

Láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tí mo bá kà fún wọn, wọn á tún gbé e lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì kó bá wọn kà á. Ó dùn mí gan-an nígbà náà, ṣùgbọ́n òun ló mú mi jáwọ́.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ẹ má bínú, àbúrò mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Èmi náà ò kàwé. Ohun tí bàbá yẹn ṣe ni mo ti ń ṣe báyìí: ọmọ mi á kà á, télọ̀ iwájú ilé wa á tún un kà. Inú ń bí ọmọ náà, ó ní mi ò fọkàn tán òun. Mo sọ fún un pé mo fọkàn tán an, ojú mi ni kò ríwèé.

Tíṣà, fọ́ọ̀mù abẹ́rẹ́ yẹn, ṣé wọ́n ti kọ ọ́ ní Yorùbá? Bí wọn ò bá tíì kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ẹnu yín sọ ọ́ sínú fóònù ní Yorùbá, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Àwa obìnrin mẹ́jọ la wà ní ìsọ̀ wa tá a máa gbọ́ ọ.

Tíṣà, Abẹ́òkúta

Mò ń sọ ọ́ lọ́wọ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ máa retí rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́.