Ìrírí wa pẹ̀lú update búráúsà: ẹ̀rọ tí NEPA ń pa ló kọ́kọ́ rí àtúnṣe gbà

Baba Káfè, South Gate, Akúrẹ́

Ẹni tó béèrè lánàá bóyá update búráúsà (Chrome, Firefox àti irú wọn tí a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì) wúlò àbí ó kàn ń jẹ dátà ni mo fẹ́ dá lóhùn. Ó máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Káfè ni mò ń ṣe nítòsí South Gate FUTA, níbí ní Akúrẹ́. Àwọn desktop wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọn ò ní UPS. Bí NEPA bá ti mú iná lọ báyìí, wọ́n ti kú nìyẹn, títí a ó fi tan jẹnẹrétọ̀. (Mo mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ NEPA mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ó ti mọ́ mi lẹ́nu.) Laptop kan wà lórí tábìlì tèmi, inverter ló ń gbé e. Òun la fi ń sanwó, òun la sì fi ń ṣí ímeèlì àwọn oníbàárà tó bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Kì í kú. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á kàn pa á dé lálẹ́, á ṣí i láàárọ̀, gbogbo ojú ìwé àná á ṣì wà lórí ẹ̀. Àwọn desktop yẹn rí jákujàku, kíbọ́ọ̀dù ọ̀kan ò tiẹ̀ ní lẹ́tà A lójú mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, tí ẹ bá ní kó mú èyí tó láàbò jù, laptop ló máa nawọ́ sí.

Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ WebP ṣẹlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Apple àti Citizen Lab ti Yunifásítì Toronto ní Kánádà ta Google lólobó pé ihò kan wà nínú irinṣẹ́ tí Chrome fi ń ṣí àwòrán WebP. Irú àwòrán yìí kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo wa la ti ṣí i láìmọye ìgbà láìmọ orúkọ ẹ̀. Kí búráúsà tó lè tú àwòrán bẹ́ẹ̀ ká, ó gbọ́dọ̀ ya ààyè sọ́tọ̀ fún un nínú mẹ́mọ̀rì. Oníṣẹ́ ibi lè wá to àwòrán kan lọ́nà tó jẹ́ pé ohun tó máa tú jáde nínú ẹ̀ á ju ààyè tí wọ́n yà sílẹ̀ lọ. Ìyókù á ṣàn kọjá sí ibi tí kì í ṣe tiẹ̀, ibẹ̀ ni olè á ti máa wá ọ̀nà láti darí ẹ̀rọ. Ẹ ò ní gba fáìlì kankan sílẹ̀, ẹ ò ní tẹ nǹkan kan. Kí àwòrán náà ṣáà ti hàn lójú ìwé. Google sì sọ ọ́ gbangba pé àwọn kan ti mọ ihò yìí, wọ́n sì ti ń lò ó kí àtúnṣe tó jáde.

Iṣẹ́ àwòrán pásípọ́ọ̀tù la sì ń ṣe níbí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́.

Àtúnṣe ti Google jáde ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ti Mozilla fún Firefox tẹ̀lé e ní ọjọ́ 12. Edge, Opera àti Brave náà ní láti ṣe tiwọn, torí Chromium, kóòdù tí wọ́n fi kọ́ Chrome, ni gbogbo wọn gùn lé. Mo bá lọ ń yẹ ẹ̀rọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ àmì kéékèèké mẹ́ta (⋮) tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ lọ sí Help, ẹ tẹ About Google Chrome. Nọ́ńbà tí mò ń wá ni 116.0.5845.187 tàbí 188. Desktop etí ilẹ̀kùn, èyí tí kò ní A yẹn, ti wà lórí 188. Èyí tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ náà. Laptop ọ̀gá ló kù sẹ́yìn, bọ́tìnnì Relaunch, èyí tó ń pa búráúsà kó tó tún un ṣí, ń wò mí lójú.

Ìdí ẹ̀ gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ gbogbo èyí. Chrome máa ń fúnra ẹ̀ gba update sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti wọ inú ẹ̀rọ, dátà ti lọ. Ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́, tòun ti ihò ẹ̀, títí ẹ ó fi pa búráúsà pátápátá kí ẹ tó tún un ṣí. NEPA ti bá mi pa ti àwọn desktop láìmọ̀ọ́mọ̀. Laptop tí a kàn ń pa dé, oorun ló ń sùn, tó bá jí, á máa bá ti àtijọ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún Relaunch nítorí dátà, ẹ ti sanwó ọjà tán, ẹ ò kàn tíì gbé e ni.

Àwọ̀ máa ń yọ lókè lápá ọ̀tún tí update bá ń dúró. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, kò tíì pẹ́ tó ọjọ́ méjì. Tó bá ti di àwọ̀ ọsàn, ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin. Tó bá pọ́n, ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán. Mo ti rí pupa yẹn lórí ẹ̀rọ àwọn èèyàn ńláńlá ní Alágbàká, ẹ jẹ́ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò bá ẹni tó ń sá fún Relaunch jà ṣá. Àwọn ojú ìwé tó wà ní ṣíṣí máa ń padà wá, àmọ́ ohun tí èèyàn ń kọ lọ́wọ́ sínú fọ́ọ̀mù lè má bá a padà, ti Incognito, ojú ìwé ìkọ̀kọ̀ yẹn, kì í sì í padà rárá. Ọmọ tó ti kọ fọ́ọ̀mù post-UTME dé ìdajì, ẹ wá lọ pa á mọ́ ọn lójú, ẹ máa gbọ́ èpè. Alẹ́ la ń ṣe é níbí, tí oníbàárà ìkẹyìn bá ti lọ: a ó pa búráúsà, laptop náà á sì kú pátápátá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni pé ọjọ́ tí àtúnṣe bá jáde gan-an ni ewu ń pọ̀ sí i fún ẹni tí kò gbà á. Gbangba ni kóòdù Chromium wà. Olè á gbé ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, á wo ibi tí wọ́n dí, á sì mọ ibi tí ihò wà tẹ́lẹ̀. Google máa ń fi àlàyé ihò náà pamọ́ títí ọ̀pọ̀ èèyàn á fi gba àtúnṣe, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í dí ojú gbogbo olè. Látàrí èyí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àtúnṣe ààbò jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù Kẹjọ 2023.

Aúńtí Tíṣà, Oǹdó

Ẹ kú àlàyé, Baba Káfè. Ẹ ṣeun tí ẹ ò pa òwe ògiri àti aláǹgbá, mo ti ń retí ẹ̀.

Tèmi yàtọ̀. Laptop tí mo fi ń kọ lesson note, Windows 7 ló wà lórí ẹ̀. Kò sí Relaunch tí mo lè tẹ̀, torí Chrome 109 ni òpin tiẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, láti orí 110 lọ, Windows 10 ló ń béèrè. Ó kọ ọ́ sókè gbàgàdà pé tí mo bá fẹ́ update mìíràn, kí n lọ wá Windows tuntun. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní òun á fi Windows 10 sí i, kí n mówó wá. Mo wo RAM (mẹ́mọ̀rì) ẹ̀ pé kò tó, mo ní kó gbàgbé ẹ̀. Àsìkò àtìlẹ́yìn tí Microsoft dá fún Windows 10 fúnra ẹ̀ ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025.

Firefox ESR 115, irú Firefox tí wọ́n máa ń fún ní àtúnṣe fún ìgbà pípẹ́, ni mo gbé sórí ẹ̀. Nígbà tí mo gbé e síbẹ̀, Mozilla ṣì ń fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i fún àwa onílé àtijọ́ yìí, wọ́n sì ti sún ọjọ́ òpin ẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Windows abẹ́ ẹ̀ ṣì gbó, Firefox ò lè wo ìyẹn sàn. Lesson note àti ìròyìn nìkan ni mò ń fi í ṣe. Ọ̀rọ̀ báńkì, orí fóònù ni.

Oníkóróṣẹ́ẹ̀tì, Ọjà Ọba, Akúrẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọ̀rọ̀. Tèmi ni update ayédèrú.

Mò ń wá fíìmù wò lórí fóònù nígbà tí ọjà dá, ni ojú ìwé kan bá ya bo gbogbo ojú fóònù. Àmì Chrome wà níbẹ̀ rèǹtèrente. Fóònù ń gbọ̀n ní ọwọ́ mi, nọ́ńbà ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn: Chrome yín ti gbó, ẹ tẹ ibí kíá. Ẹni tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí n tètè tẹ̀ ẹ́ kí fóònù má lọ bàjẹ́. Mo ní rárá o. Mo jáde, mo fọwọ́ ara mi wọ Play Store, mo kọ Chrome síbẹ̀. Ohun tó kọ sí iwájú ẹ̀ ni Open, kì í ṣe Update. Ìyẹn ni pé kò sí èyí tó gbó! Ojú ìwé lásán ló ń purọ́ mọ́ mi. Mo fi han oníbàtà, ó ní òun ti tẹ irú ẹ̀ rí. Láti ìgbà náà, ìpolówó ni fóònù ẹ̀ ń gbé jáde ṣáá, kódà tí kò bá ṣí nǹkan kan.

Baba Káfè

Ẹ káre láé, Màmá. Irú ẹ̀ ń bọ́ sórí kọ̀ǹpútà níbí náà. Update gidi kì í ti inú ojú ìwé ẹnikẹ́ni wá. Ẹ sọ fún oníbàtà kó gbé fóònù yẹn wá, ká yọ app tó wọlé lọ́jọ́ náà kúrò, kó sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì ẹ̀ láti orí fóònù mìíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

Ẹ káàsán, sà. iPhone ni mò ń lò, Chrome ló wà lórí ẹ̀. Mo ti update Chrome ní App Store. Ṣé ó ti parí?

Baba Káfè

Kò tíì parí, ọmọ mi. Lórí iPhone níbí, orúkọ àti aṣọ ni ti Chrome, ẹ́ńjìnnì abẹ́ ẹ̀ ni WebKit ti Apple, èyí tí Safari ń lò. Tí ihò bá wà nínú WebKit, inú update iOS ni àtúnṣe ẹ̀ ń bá wá. Wọ Settings, General, Software Update.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

Mo ti rí i, sà. Ó ní ààyè ò tó. Mo ti ń pa fídíò convocation rẹ́ báyìí.