Owó nìkan ló ń mú èèyàn kọ kóòdù ni?

Ọmọ Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó ń ṣe kọ́pà níbí ti wọ 3MTT, ètò tíjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2023 pé àwọn máa kọ́ mílíọ̀nù 3 èèyàn ní iṣẹ́ tẹ́ẹ̀kì, ó ní software lòun fẹ́ máa ṣe jẹun. Mo bi í pé kí ló rí níbẹ̀, ó ní dọ́là. Iṣẹ́ ìjọba lèmi ń ṣe, mi ò mọ nǹkan kan nípa kóòdù, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan wà ní compound wa, aago méjì òru, iná ti lọ, ó ṣì ń tẹ laptop. Ṣé dọ́là nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀, kí ló mú yín wọ̀ ọ́, kí ni ò sì jẹ́ kẹ́ ẹ kúrò?

Backend Gwarinpa
Owó ni jàre, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Kí ìjọba tó ní kí ọjà máa pinnu iye náírà ní June 2023, dọ́là kan ò tó náírà 500 ní báńkì, nígbà tó máa fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ó ti lé ní 1,500. Ẹni tí òyìnbó ń san dọ́là fún, wọn ò fi kọ́bọ̀ kún owó ẹ̀ o, àfi bó ṣe di ìlọ́po mẹ́ta. Ta ni ò ní sáré wá? Lándílọ́ọ̀dù mi kì í gba "mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi".

Àgbà Debugger
Ẹ̀gbọ́n Backend, owó ló ń fà wọ́n wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo iye àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀ tó ti sá lọ. Linus Torvalds, ọmọ iléèwé ni ní Helsinki nígbà tó bẹ̀rẹ̀ Linux, software tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní 1991, òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ síta pé nǹkan ìgbafẹ́ lásán ni, pé kò ní tóbi. Linux yẹn náà ló wà nínú Android báyìí. Guido van Rossum ńkọ́, ìsinmi Kérésì 1989 ló bẹ̀rẹ̀ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ọ́fíìsì tì, ó ń wá nǹkan ṣe. Error yẹn, àṣìṣe inú kóòdù, òun náà ló ń mú èèyàn o, inú á máa bí ẹ, oorun ò ní kun ẹ́, tó bá wá ṣiṣẹ́ lójijì wàá pariwo. Ìyàwó mi sábà máa ń rò pé iná ló dé.

Ìyá Àrẹ̀mú Kaduna
Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti kọlu reluwé Abuja sí Kaduna ní March 2022, bàbá àwọn ọmọ ò fẹ́ kí n máa rìn ọ̀nà yẹn mọ́, kóòdù ni mo lè jókòó sílé ṣe, bí mo ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ohun tí ò jẹ́ kí n kúrò ni Alhaji kan tó ń ta ọkà lọ́jà, ó ní kí n ṣe nǹkan tóun lè máa fi kọ orúkọ àwọn tó jẹ òun lówó sílẹ̀, mo ṣe é ní Hausa, mo ṣe é kó máa ṣiṣẹ́ bí network ò bá tiẹ̀ sí, torí nínú ọjà yẹn, ìgbà tó bá wu network ló ń wá. Ẹ ò rí bó ṣe ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́! Ó fi han àwọn ará ṣọ́ọ̀bù tó kù, ni wọ́n bá ń pè mí pé àwọn náà fẹ́. Owó ibẹ̀ ò tó nǹkan. Mo níṣẹ́ òyìnbó lọ́wọ́ tó ń sanwó dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹnì kankan tó ń lò ó rí, bọ́tìnnì kan náà ni wọ́n ń ní kí n máa tún ṣe.

Backend Gwarinpa
Àǹtí, ẹ wí i re. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òyìnbó yẹn ló ń bọ́ ilé, àbí irọ́ ni mo pa?

Ìyá Àrẹ̀mú Kaduna
Ẹ ò parọ́ 😂 Tí mo bá parí tòyìnbó ni mo ń ṣe ti Alhaji.

Ọmọ Kubwa
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi hàn án, ó kà á tán, ó ní kí n bá òun wá ẹni tó máa sin òun lọ sí Banex lọ ra laptop tòkunbọ̀, kóun má lọ ra èyí tí bátìrì ẹ̀ ti kú. Ta ló máa wà ní Wuse ní Sátidé?