Ìró tó ń dún lọ́fun Bàámi: ṣé ìrora ni?

Àbíkẹ́yìn Bàbá, Abẹ́òkúta:

Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa ìtọ́jú aláìsàn kó tètè dá mi lóhùn. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló ń bá Bàámi jà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni dókítà ní kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe sí i, la bá gbé wọn wálé. Láti àná wọn ò lajú mọ́. Lóru, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́fun wọn, bí omi tó ń hó nínú ìkòkò tí wọ́n dé. Wọ́n á mí sínú, á dún. Wọ́n á mí síta, á tún dún. Mi ò lè jókòó sí yàrá náà, mi ò sì lè kúrò níbẹ̀.

Àǹtí mi ní ìpọ̀kàkà ikú ni, pé ìyà ń jẹ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Èkó pé ká gbé wọn padà sílé ìwòsàn kí wọ́n lọ fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn jáde. Ẹnì kan tiẹ̀ gbé ẹ̀rọ wá láàárọ̀. Bó ṣe ki rọ́bà bọ̀ wọ́n lọ́fun, ojú wọn fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ bá itọ́ jáde, kò sì tó wákàtí kan tí ìró náà fi padà. Kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì Leeds:

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tọ́jú àwọn tó fẹ́ lọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ lẹ́bàá ibùsùn ni n ó sọ fún yín: ìró yẹn ń da ẹ̀yin láàmú ju Bàbá lọ.

Itọ́ tí gbogbo wa ń gbé mì láìmọ̀ ni. Agbára àtigbé e mì ti tán lára wọn, agbára àtiwúkọ́ náà ti lọ. Ó wá dúró sọ́fun, afẹ́fẹ́ ń gba orí ẹ̀ kọjá. Iwájú orí Bàbá ni kí ẹ máa wò. Bó bá tẹ́jú, tí ọwọ́ wọn rọ̀, ara tù wọ́n. Bó bá ká jọ, tí wọ́n ń kérora, ìyẹn ni ìnira. Ẹ pe dókítà fún oògùn ìrora wọn.

Ẹ̀rọ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà. Itọ́ náà jìnnà ju ibi tí rọ́bà lè dé láì ṣe wọ́n léṣe, òmíràn á sì tún sun. Ẹ yí Bàbá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìrọ̀rí kan lẹ́yìn, ọ̀kan láàárín orúnkún, ẹ gbé orí sókè díẹ̀, kí ẹnu dojú kọ aṣọ ìnura. Ìgbà míì, mi ò ní tíì ka ogún tí itọ́ á fi ṣàn jáde fúnra ẹ̀, tí yàrá á sì pa rọ́rọ́. Tó bá yá, ẹ yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Bí wọ́n bá ń fa omi sí wọn lára, ẹ bi dókítà bóyá kí wọ́n dín in kù. Omi tí ara ò lè lò mọ́ lè kún itọ́ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí wọn lẹ́nu, ẹ má gbà fún un, ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Mo mọ̀ pé á dà bíi pé ẹ ń febi pa wọ́n. Òwú tútù ni kí ẹ fi máa nu ètè àti ahọ́n wọn.

Abẹ́rẹ́ wà: hyoscine butylbromide, Buscopan tí ẹ mọ̀ sí oògùn inú rírun. Abẹ́ awọ la máa ń gún un sí, 20 mg, dókítà ló máa pàṣẹ ẹ̀. Kì í gbẹ èyí tó ti wà lọ́fun, èyí tó fẹ́ sun ló ń dá dúró, torí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ìwádìí kan jáde ní Netherlands lọ́dún 2021: wọ́n gún àwọn kan kí ìró náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá, 10 nínú 79 ló padà dún lọ́fun wọn, nínú 78 tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, 21 ni. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Bí dókítà yín bá ń ṣiyè méjì, UCH n'Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń rí sí irú ìtọ́jú yìí.

Ìyá Ìjẹ̀bú:

Èmi ò mọ èyí nígbà ti Màámi. Mo jáde sẹ́yìnkùlé torí mi ò lè gbọ́ ìró yẹn mọ́, ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi lọ. Ọdún mẹ́fà rèé. Ẹ má kúrò o. Ẹ di ọwọ́ wọn mú, ẹ máa ki wọ́n ní oríkì wọn.

Àbíkẹ́yìn Bàbá, Abẹ́òkúta:

Ẹ ṣé gan-an. A yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Itọ́ kan nà jáde bí okùn, mo fi aṣọ gbà á. Ìró náà rọlẹ̀, kò tíì lọ tán. Mo fi àtàǹpàkò kan iwájú orí wọn, ó tẹ́jú. Dókítà ní òun ń gbé abẹ́rẹ́ náà bọ̀ láago mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi ti dé láti Èkó, kò sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn mọ́. Òun ló ń fi òwú nu ètè wọn báyìí, Àǹtí mi ń ki wọ́n níbi ẹsẹ̀.